Ọmọ Òṣómàáló

"Ẹ lóṣòó, màmá,"
ni Ìbíyẹmí wí, ọmọbìnrin aláṣọ funfun
tó ń tọ́jú eegun àti iṣan nílé ìwòsàn Wẹ́sílì.
"Ẹ di ẹ̀yìn àga mú, ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ wo abẹ́ ibùsùn."
Ẹ̀rín pa mí.
Èmi, ọmọ ọmọ Fámúrewá,
ni wọ́n ń kọ́ ní òṣòó líló, nílùú Iléṣà!

Ẹ ò mọ Fámúrewá.
Aṣọ lórí, ọ̀pá lọ́wọ́, ẹ̀pà nínú àpò,
ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọ̀nà dé Ọ̀fà,
ó tún gba Ìlá wálé.
Àwìn ló ń tà. Bí oṣù bá pé,
á dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó,
kò ní bú u, kò ní gbá a létí,
á kàn lóṣòó.
Ajigbèsè á gba ẹ̀yìnkùlé lọ sóko,
á dé, á jẹun, á sùn, á jí,
baba àgbà ṣì wà níbẹ̀ bí ìkòkò lórí ààrò
títí owó yóò fi jáde.
Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
orí òṣòó náà ló ti ń tu koríko ìdí ilá,
tí yóò sì dìde láì di ohunkóhun mú.
A rò pé ó lóògùn.

Èmi náà ti sáré rí.
Mo fi korobá omi gun òkè Ìmọ̀, omi ò dànù.
Nílé ẹ̀kọ́ wa l'Ókèsà,
èmi ni wọ́n ń gbé igi ìkẹyìn lé lọ́wọ́ nínú eré ìje.
Mi ò mọ̀ pé owó ni mò ń kó pamọ́,
tí mo wá fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ná tán
ní ọ́fíìsì kan l'Óṣogbo:
àga sí mọ́tò, mọ́tò sí àga, àga sí tẹlifíṣọ̀n.
Òùngbẹ gbẹ mí, mo ní, "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ru.
Oorun di àlejò tí í yọjú láago mẹ́rin.
Ọkàn mi wúwo láìsí ọ̀fọ̀;
nítorí ṣíbí, mo jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
Lọ́jọ́ tí mo jókòó sílẹ̀ ní balùwẹ̀ tí n kò lè dìde,
tí Tèmídire, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
ń fà mí lọ́wọ́ bí ẹni ń fa ewúrẹ́,
ni ó tó yé mi:
ara mi ló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi.
Kò bú mi. Kò gbá mi létí.
Owó rẹ̀ ló wá gbà.

Mo ń san án díẹ̀díẹ̀.
Kí ọlọ́kadà tó jí, mo ti wà lójú títì.
Àwọn ọ̀dọ́ á sáré kọjá, "Ẹ kú ìsapá, mọ́mì,"
kí n tó dáhùn, wọ́n ti kọ kọ́nà.
Bàbá Lápàdé náà ń bọ̀, tí rọpárọsẹ̀ mú lápá kan,
tó ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ ilé ìwé;
lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó ń fi òpó iná kan kún ìrìn rẹ̀.

Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀ o.
Orúnkún òsì mi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́,
mo ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.
Ṣùgbọ́n oorun ti ń sùn sílé,
ṣíbí sì lè jábọ́ kí ilé má dàrú.

Láàárọ̀ àná, okùn bàtà Tèmídire tú.
Mo lóṣòó, mo so ó.
Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀,
èmi àti gbèsè mi, a ń wojú ara wa.
Mo wá dìde.
Ọwọ́ mi fara kan ògiri, mi ò ní purọ́,
ṣùgbọ́n mi ò dì í mú.